Orúkọ Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Ìyá Láyí Lẹ́nu Ọ̀nà

Tí ẹ bá dé Òkìtìpupa, tí ẹ gba ọ̀nà tó lọ sí Àyèká, ẹ máa rí ilé gígùn kan tó jẹ́ páànù àtijọ́ ló bò ó. Èkùrọ́ ni wọ́n ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òórùn èkùrọ́ ò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí dòní. Àwọn obìnrin mọ́kànlá ló gbà á ní 1993. Wọ́n gbá a, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn pé ILÉ ÀWÒRÁN ÀWỌN OBÌNRIN. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọkùnrin mẹ́ta ló wá béèrè bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ọ̀kan tiẹ̀ ti wẹ̀, ó ti fi àtíkè sójú, ó ti jókòó sórí àga, ó gbé àgbọ̀n sókè.

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀ wà lára àwọn mọ́kànlá yẹn. Ìyá Láyí ni gbogbo Òde-Ayé, ìlú wa, ń pè é. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, agbo ilé kan la jọ ń gbé, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa sọ pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu aláròká. Ó kúrú, ó pupa, ó máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń gbóná mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Tí inú bá bí i, kì í bú èèyàn. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń kọ, orin náà á máa yára sí i, á máa yára sí i, títí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ á fi dọ̀bálẹ̀.

Pupuru ló ń ṣe tà. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí á fi rọ̀, wọ́n á fún omi ara ẹ̀, wọ́n á ṣù ú rìbìtì bí orí ọmọ tuntun, wọ́n á wá tò ó sórí àjà lókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Kò sí wàhálà nínú ẹ̀, àmọ́ èèyàn ò gbọdọ̀ kúrò nídìí iná. Orí àpótí ni Ìyá Láyí máa ń wà láti àárọ̀, ọwọ́ ẹ̀ ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mú èédú nìyẹn, ó ń fi ya nǹkan sára ògiri kíṣìnì. Ó kọ́kọ́ ya ewúrẹ́. Ó ya obìnrin méjì tó ń jà, ọ̀kan ti já gèlè èkejì dànù. Ó ya wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó gbé orí fún un bí àgbọn méjì tí wọ́n dì pọ̀. Lọ́jọ́ tí wòlíì yà wá gbàdúrà fún wọn, ó rí i, ó ní ta nìyí. Ìyá Láyí ní Mósè ni. Inú wòlíì dùn, ó ní lóòótọ́ ni, òye Mósè hàn lójú ẹ̀ dáadáa.

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni Ìyá Láyí. Gbogbo wọn a máa wọ sùtánà funfun, tiẹ̀ nìkan ló ní ọwọ́ dúdú.

Ọdún 1992 ni Tíṣà Olúfúnmiláyọ̀ bọ́ sínú kíṣìnì yẹn. Obìnrin ará Abẹ́òkúta ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà ní ilé ìwé kan ní Òkìtìpupa. Pupuru ló wá rà. Ẹ máa dá Tíṣà yìí mọ̀ nínú òkùnkùn, torí "ní ti gidi" ni iyọ̀ ọbẹ̀ ẹ̀, kì í lè sọ̀rọ̀ kó má bù ú sí i. Ó wo ògiri, ó gbàgbé pupuru. Ó ní, ní ti gidi, ta ló ya gbogbo eléyìí, ní ti gidi? Ìyá Láyí rò pé wọ́n fẹ́ bá òun wí ni, ó ní àwọn ọmọ ni, pé òun máa nà wọ́n. Tíṣà wo ọwọ́ ẹ̀ tó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ra pupuru mẹ́fà, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì.

Bí Tíṣà ṣe lọ káàkiri nìyẹn, tó ń ṣa àwọn obìnrin bí ẹni tó ń ṣa olú. Ó rí Jẹ́jẹ́lọlá tó ń mọ ìkòkò tó ní ojú àti ètè. Ó rí Mildred, ará Àrògbò, tí èdè Ìjọ́ ni èdè ilé ẹ̀, tó máa ń ya ẹja àti ọ̀nì sára ọkọ̀ ojú omi. Ìyẹn Mildred, kò sí ohun tí kò mọ̀ ọ́n yà, àmọ́ kò mọ "ẹ" nínú Yorùbá. "O" ló fi ń kí gbogbo ayé. Ó ti fi "o" kí wòlíì, ó ti fi "o" kí olóyè, wọ́n ní ó tiẹ̀ kí òkú kan báyìí pé "o sùn dáadáa."

Wọ́n pín iṣẹ́ bí ẹni tó ń ṣe àáró lóko. Ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, obìnrin méjì ló máa jókòó ti ilé náà. Tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò lè dá parí, gbogbo wọn á tú lọ sílé ẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Ọkùnrin lè wá wòran, kò gbọdọ̀ dìbò. Bàbá Láyí, ọkọ Ìyá Láyí, gbọ́ èyí, ó ní kí ni wọ́n fẹ́ fi àwòrán ṣe, ṣé wọ́n fẹ́ jẹ ẹ́ ni? Ìyá Láyí ní rárá, pupuru ni Bàbá Láyí máa máa jẹ lọ, àwòrán ni òun máa máa wò nígbà tó bá ń jẹ ẹ́.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìṣílé gangan, ní oṣù Ọ̀pẹ 1994, ni Tíṣà gbé òfin kan kalẹ̀ nípàdé. Ó ní òun ti rí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin láyé, ìyàwó Lágbájá ni wọ́n máa ń kọ sídìí ẹ̀, tàbí kí wọ́n má kọ nǹkan kan rárá. Nílé tiwọn yìí, obìnrin tó bá ya àwòrán máa kọ orúkọ tí bàbá àti ìyá ẹ̀ sọ ọ́ sí i. Kì í ṣe Ìyá Lágbájá, kì í ṣe Mísíìsì Tàmẹ̀dò. Àwòrán tí kò bá lórúkọ olúwa ẹ̀ lára ò ní wà lára ògiri, ní ti gidi. Ó ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Gbogbo wọn nawọ́. Ìyá Láyí na ọwọ́ méjèèjì.

Nígbà tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà, tó ń bọ̀ nílé, ló tó rántí. Ọlọ́kadà ní òun kàn gbọ́ "yéè" lẹ́yìn òun ni, òun rò pé òun ti gun ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Ohun tó rántí ni mo fẹ́ sọ yìí. Ìwé ò létí, nítorí náà mo máa kọ ọ́. Àrìnkẹ́ lorúkọ Ìyá Láyí. Ìyá ọkọ ẹ̀, tó jẹ́ ìyá bàbá tèmi náà, tí à ń pè ní Ìyá Àgbà, Àrìnkẹ́ lòun náà ń jẹ́.

Ní 1967 tí wọ́n gbé Ìyá Láyí wá láti Àyèká, wọ́n fọ ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń fọ ti gbogbo ìyàwó, àwọn obìnrin ilé wá béèrè orúkọ ẹ̀. Ó dáhùn. Ni gbogbo wọn bá fọwọ́ bo ẹnu. Ìyàwó ilé kì í dárúkọ ìyá ọkọ, a mọ ìyẹn. Tí wọ́n bá wá ní "Àrìnkẹ́, lọ pọnmi," ta ni wọ́n ń rán? Tí wọ́n bá ní "Àrìnkẹ́, ọ̀lẹ ni ẹ́," ta ni wọ́n bú? Ìyá Àgbà fúnra wọn jáde, wọ́n wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n ní kó fi orúkọ yẹn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, kó tó wọ ulé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ilé, ulé. Láti ọjọ́ náà, Ìyàwó Àyèká ni wọ́n ń pè é, nígbà tó bí Láyí, ó di Ìyá Láyí. Ìyá tó bí i gan-an, tó bá wá kí i, á kọ́kọ́ wo ọ̀tún, á wo òsì, kó tó yọ́ orúkọ ọmọ ẹ̀ pè bí ẹni tó ń jí ẹran nínú ìkòkò. Nígbà kan tí wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì pe Àrìnkẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Ìyá Láyí ń wojú ọ̀nà, ó ń retí kí ìyá ọkọ ẹ̀ wọlé.

Ṣé ẹ ti rí ọ̀rọ̀ náà báyìí? Àwòrán ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ó yà á sórí pákó fẹ́lẹ́ kan tó ga tó ilẹ̀kùn. Àwòrán Ìyá Àgbà ni, nígbà tí wọ́n ṣì lágbára, wọ́n dúró nínú ẹkù, kòtò tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn kí epo lè jáde. Wọ́n di ìró mọ́ itan, epo pupa dé orókùn wọn, ojú wọn le bí ẹni tó ń bá ẹyìn jà. Ẹni tó bá rí àwòrán yẹn á fẹ́ kúrò lọ́nà fún un. Òun ni Tíṣà sọ pé kí wọ́n gbé síwájú, níbi tí ẹni tó bá ń wọlé á ti kọ́kọ́ rí i. Àmọ́ kò lórúkọ, kò sì ní sí lára ògiri.

Ìyá Láyí bẹ Tíṣà pé kí wọ́n fi Ìyá Láyí kọ ọ́. Tíṣà ní tí òfin bá fọ́ lára ẹni tó na ọwọ́ méjì, lára ta ló máa dúró? Jẹ́jẹ́lọlá dá a lábàá pé kó kọ Àrìnkẹ́ Kékeré. Ìyá Láyí ní òun ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, òun ti bímọ márùn-ún, kí ló tún kù tó kéré lára òun?

Kò dé lọ́kàn ẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun fẹ́ orúkọ náà, bó ṣe wá ń ronú lé e ni ó wá ń wù ú. Ó sọ fún Mildred pé ó dà bí aṣọ dáadáa tí èèyàn gbé sísàlẹ̀ àpótí, tó gbàgbé, tó wá rántí lọ́jọ́ tí ayẹyẹ dé. Ó ní òun ò ní kọ Ìyá Láyí mọ́ tí wọ́n bá tiẹ̀ gbà á láyè. Tí kì í bá ṣe Àrìnkẹ́, kí wọ́n gbé pákó náà wá sílé, òun á fi bo pupuru.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Ìyá Àgbà nìkan ló lè dá orúkọ padà, Ìyá Láyí ò sì lè tọrọ ẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ tọrọ ohun tí kò gbọdọ̀ dárúkọ? Á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní..." kí ni? Ó gbìyànjú ẹ̀ nígbà méjì. Lẹ́ẹ̀kíní, Ìyá Àgbà rò pé iyọ̀ ló fẹ́, wọ́n ní ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀kejì wọ́n fún un ní aáyù.

Ó wá lọ bá ọkọ ẹ̀. Bàbá Láyí gbọ́ ọ dé ìdajì, ó ní òun rántí pé òun fi àdá sóko. Ọjọ́ Àìkú ni o, ẹnikẹ́ni kì í lọ sóko. Ó lọ, ó sì pẹ́.

Ìgbà náà ni wọ́n rán Mildred. Àwọn mọ́kànlá ló fẹnu kò. Wọ́n ní Mildred kì í ṣe ìyàwó ilé wa, kì í ṣe Ìkálẹ̀, kò sí èèwọ̀ tó mú un, kò tiẹ̀ mọ "ẹ." Mildred náà gbéra, ó ń ṣe fáàrí bọ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ lọ gba ìlú. Ìyá Láyí sá pa mọ́ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi. Ìyá Àgbà wà lọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ojú wọn dà bí ojú ẹyẹ àṣá, wọ́n lè fi wò yín títí ẹ ó fi jẹ́wọ́ ohun tí ẹ ò ṣe.

Mildred ní, "Ìyá, o jí dáadáa?"

Ìyá Àgbà gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Èwo nínú àwọn ọmọ mi ló bí ẹ?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Mildred kó wá dúró síta. Ó yẹ kó sọ pé ìyàwó ọmọ ìyá fẹ́ lo orúkọ ara ẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé ilé àwòrán ní Òkìtìpupa ló rán òun, pé wọ́n ti ya ìyá gàgàrà sára pákó, pé wọ́n fẹ́ kí ìyá wá jókòó níwájú àwọn èèyàn ńlá, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìyá síbẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Ó sọ ọ́ tán, Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, Mildred sì sá gba ẹ̀yìnkùlé.

Ó bá Ìyá Láyí lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù. Ó ní ìyá ti gbà. Ó ní inú ìyá ń dùn. Ìyá Láyí béèrè ohun tó sọ gan-an, Mildred sì sọ fún un. Orin tí Ìyá Láyí bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sí onílù ṣọ́ọ̀ṣì tó lè bá a.

Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìyá Àgbà ti ra gèlè. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìjọba fẹ́ kọ orúkọ àwọn sára ògiri. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún arúgbó ọgọ́rin ọdún pé kó bọ́ gèlè sílẹ̀? Ìyá Láyí lọ bá Tíṣà, ó ní kí wọ́n má gbé àwòrán náà sókè. Tíṣà ronú títí. Ó ní wọ́n máa gbé e sókè láàárọ̀ nítorí ìyá arúgbó, ṣùgbọ́n kí àlejò tí wọ́n pè láti Àkúrẹ́ wá ṣílé tó wo àwòrán yípo tán, orúkọ ẹni tó yà á gbọ́dọ̀ ti wà lára ẹ̀. Tí kò bá sí, òun fúnra òun máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ohun ìtìjú ló máa jẹ́ fún òun náà, ní ti gidi, àmọ́ òfin ni.

Aago mọ́kànlá ni ìṣílé, Sátidé. Aago méje ni Ìyá Àgbà ti dé. Wọ́n gbé àga fún wọn, wọ́n ní àwọn ò jókòó síbòmíì àfi abẹ́ àwòrán àwọn. Ọyẹ́ ń fẹ́, wọ́n jókòó ṣinṣin bí ère, gèlè wọn kan ìsàlẹ̀ pákó.

Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń rí àwòrán, wọ́n ń rí ìyá lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, Ìyá Àgbà ń sọ fún wọn pé àwọn ni wọ́n yà. Ẹnì kan wá kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́." Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Nígbà tó di aago mọ́kànlá, àwọn ni wọ́n ni ín. Òmíì ní, "Ìyá, ọwọ́ yín mọ́ o." Wọ́n wo ọwọ́ náà, wọ́n ní, "Ọlọ́run ló ni ọghọ́." Nígbà tó fi máa di aago méjìlá, Ìyá Àgbà ti ya àwòrán náà tán, wọ́n ti ń sọ bí ẹ̀yìn ṣe dun àwọn nídìí ẹ̀.

Ìyá Láyí ń gbé omi tútù kiri fún àwọn àlejò. Ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.  Orin ló ń kọ, sínú ló sì ń kọ ọ́.

Àlejò láti Àkúrẹ́ dé. Obìnrin ni, ó ga, ó wọ gíláàsì, ó ń rọra wo nǹkan ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó wo ìkòkò Jẹ́jẹ́lọlá, ó wo ọ̀nì Mildred. Èyí tó wà níwájú ló fi ṣe àṣekẹ́yìn. Ó dúró.  Tíṣà ti ń wo ìsàlẹ̀ pákó tí kò sí orúkọ kankan níbẹ̀, ó ń wo àga tó máa gùn láti sọ pákó kalẹ̀.

Àlejò wá tẹ̀ ba, ó bi Ìyá Àgbà bí wọ́n ṣe rí pupa tó wà lẹ́sẹ̀ yẹn, torí pé òun ò rí irú pupa bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹni pé ó ṣì tutù.

Ìyá Àgbà kì í ṣe ẹni tí ìbéèrè ń bá lójijì. Wọ́n ní, "Osùn ni. Osùn la lọ̀, a wá fi epo pò ó."

"Rárá o."

Ìyá Láyí ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé òun máa sọ ọ́. Àwo omi wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé e lé àlejò lọ́wọ́ láìwo ojú ẹ̀. Ká ní wọ́n jí iṣẹ́ ẹ̀ nìkan ni, ì bá pa á mọ́ra. Àmọ́ kí wọ́n jí i tán kí wọ́n tún wá ṣe é ní àṣìṣe, ìyẹn ló kọjá agbára ẹ̀.

Ó ní, "Epo kì í gbẹ. Ẹ fi epo po osùn, èèrà á ti kó o lọ kílẹ̀ tó mọ́. Omi ẹ̀gẹ́ ni. Omi tí a fún lára pupuru, a máa jẹ́ kó tòrò, funfun tó bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀ la máa sè, òun ló ń di osùn mú. Dúdú ibẹ̀ yẹn, èéfín tó lẹ̀ mọ́ àjà ni mo ha. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Ẹsẹ̀ nìkan gba oṣù kan."

 Ìyàwó ilé já ìyá ọkọ ní koro lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ní abẹ́ àwòrán ìyá ọkọ, pẹ̀lú gèlè tuntun lórí ìyá ọkọ. Bàbá Láyí tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn jáde.

Àlejò ní, "Ẹ̀yin lẹ yà á nìyẹn. Kí lorúkọ yín, mà?"

Ìyá Láyí la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Ìyá ọkọ ẹ̀ jókòó sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì sí i. Mildred fẹ́ dáhùn, Tíṣà di ìró ẹ̀ mú lẹ́yìn, ó fà á padà. Ẹnikẹ́ni ò lè bá a sọ ọ́ níbẹ̀.

Ìyá Àgbà wò ó. Wọ́n wo ojú ẹ̀, wọ́n wá wo ọwọ́ ẹ̀. Èmi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti wo ọwọ́ yẹn dáadáa rí láti 1967. Wọ́n wá kọjú sí àlejò.

"Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu," wọ́n ní. "Kò lè dá yín lóhùn. Èmi ni mo gba orúkọ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, lọ́jọ́ tó wọ ulé mi."

Àlejò ò mọ ohun tí èèyàn máa ń sọ sírú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní, "Kí lẹ wá fi ṣe, mà?"

Kò jọ pé ẹnì kankan ti bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. 

"Mo tọ́jú ẹ̀ ni. Orúkọ kan náà la ń jẹ́. Mo ní kí wọ́n má máa pè é, kí wọ́n má baà wọ́ tèmi nílẹ̀. Mo ṣọ́ ọ títí ọkọ mi fi kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi náà kú. Àwọn tó lè pè mí bẹ́ẹ̀ ti tán, àwọn tó kù ò gbọdọ̀ pè é. Orúkọ méjì ló wà nílẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń lo ọ̀kankan."

Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ Ìyá Láyí lẹ́sẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ rán an níṣẹ́.

"Àrìnkẹ́," wọ́n ní. "Àrìnkẹ́ ọmọ Àyèká. Ó yá, lọ kọ ọ́ síbẹ̀ kí obìnrin yìí lè ráyè mu omi ẹ̀. Àmọ́ tí a bá délé, Ìyá Láyí ni ẹ́ o. Mi ò tíì kú."

Ìyá Láyí ò kígbe, kò sunkún. Ó kàn wá burọ́ọ̀ṣì, kò rí i, inú gèlè ara ẹ̀ ló ti kì í bọ̀ láti àárọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ti ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọ́n sì ń ṣe é, nítorí náà kò yára. Ó kúnlẹ̀ nídìí pákó, ó bu dúdú èéfín, ó kọ A, ó dà bí àkàbà tí ẹnì kan ti gùn bọ́. Gbogbo wa dúró. Àlejò láti Àkúrẹ́ dúró. Ìrẹsì ń tutù lẹ́yìn ilé. Ó kọ ọ́ tán, ó kéré, ó tò tẹ̀lé ara ẹ̀ bí èèrà níbi igun ìsàlẹ̀.

Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé àga àwọn súnmọ́ ọn. Àtàǹpàkò ni wọ́n ń tẹ̀ sára ìwé ní gbogbo ayé wọn. Wọ́n tẹ̀ síwájú títí gèlè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

"Bó ṣe rí nìyí?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, mà," ni Ìyá Láyí wí.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

"Ó kéré. Fẹ̀ ẹ́ sí i. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ ba kí wọ́n tó rí wa."

Ìyá Láyí nù ún, ó tún un kọ. Wọ́n ní kò tíì tó. Ó tún un kọ. Wọ́n ní kó mú un bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀hún, kó parí ẹ̀ sí ìhín. Tíṣà ní, ní ti gidi, ìyá, ẹ jẹ́ ká rọra, ó ti ń wọ inú àwòrán.  Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe tán, Àrìnkẹ́ ti gba ìsàlẹ̀ pákó náà láti etí dé etí, ó ti bo ẹkù, ó ti bo ẹsẹ̀ pupa tó gba oṣù kan gbáko, ó ku díẹ̀ kó kan orókùn.

Àlejò láti Àkúrẹ́ ò lè pa á mọ́ra. Ó ní ó mà ṣe o, ẹsẹ̀ yẹn ló dára jù níbẹ̀. Ìyá Àgbà ní kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu, àwọn ti mọ ẹsẹ̀ àwọn láti ọjọ́ yìí, orúkọ yẹn ni àwọn ò tíì rí rí.